Wẹ́ẹ̀jì Àtijọ́, Wẹ́ẹ̀jì Tuntun, àti Kẹ̀kẹ́ Kan

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré tálákà, ẹ ní kó wá bi mí. Mo gbá a fún ọdún mọ́kàndínlógún létí òkun Àgbádárìgì, nígbà tí ṣúgà di ohun tí a ń tò fún, tí ọṣẹ di ẹ̀bùn tí wọ́n ń gbé fún ìyàwó ojú ọ̀nà, tí àwọn sójà sì ń fi kòbókò kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń dúró lórí ìlà. Ìwé márùn-ún péré ni mo kà. Ìkẹfà rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó sá. Ṣùgbọ́n tó bá di ká fi irin gbé bọ́ọ̀lù kúrò nínú iyanrìn, yunifásítì ni èmi alára.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní ìlú wa nígbà náà tó ń fi èèpo àgbọn hun okùn àti ẹní ìnusẹ̀. Èmi ni mo ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù wọn. Sítókípà ni wọ́n ń pè mí. Àwọn òyìnbó tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ṣán igbó láàrin ọ̀sà àti òkun, wọ́n ṣe pápá gọ́ọ̀fù oníhò mẹ́fà sábẹ́ àwọn igi àgbọn. Koríko ò fẹ́ràn iyọ̀ òkun, nítorí náà àyíká ihò kọ̀ọ̀kan kì í ṣe koríko. Iyanrìn ni, tí a po mọ́ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, kó lè dì, kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Búráùn la ń pè é. Tó o bá gbá bọ́ọ̀lù tìrẹ tán lórí búráùn, wàá wọ́ àpò ìdọ̀họ kọjá lórí rẹ̀ kó tún jọ̀lọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá wọ́ àpò, a kì í bá a sọ̀rọ̀ títí di Sátidé mìíràn. Òfin tiwa tún wà nípa akàn. Tí akàn bá gbé bọ́ọ̀lù rẹ wọ ihò tirẹ̀, o lè fi òmíràn lélẹ̀, kò séwu. Ṣùgbọ́n tó o bá bá akàn jà, o ti jẹ̀bi.

Òyìnbó mánéjà tó kẹ́yìn kò rẹ́ni bá a gbá a, ló bá fi agídí kọ́ mi. Nígbà tí iṣẹ́ ò lọ déédéé mọ́ tó sì fẹ́ wọkọ̀ òfurufú lọ sílé, àpótí rẹ̀ kún, kò pa dé. Ó fa ọ̀pá méjì yọ nínú ẹrù, ó jù wọ́n sí mi, ó sì jókòó lé àpótí náà títí tó fi pa dé. Bí mo ṣe di olówó wẹ́ẹ̀jì méjì nìyẹn. Wẹ́ẹ̀jì ni ọ̀pá gọ́ọ̀fù kúkúrú tí irin orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, tó ṣíjú sókè bí ẹni ń wá òṣùpá, kó lè gbé bọ́ọ̀lù ròkè kó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ wà lójú irin náà, wọ́n kọ ọ́ bí ilà ojú, ìyẹn ló ń di bọ́ọ̀lù mú kó má bàa sáré kọjá ibi tí a rán an. Mo sọ èkíní ní Àgbà, nítorí òun ni mo fi ń gbá ti ọ̀nà jíjìn. Mo sọ èkejì ní Àbúrò, ti inú iyanrìn.

Àbúrò yìí ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù kan lọ́jọ́ kan tó lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, nígbà tó padà wálẹ̀, ó ti tutù. Mo ti sọ èyí níwájú pásítọ̀ rí, àrá ò sán pa mí.

Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó lọ, àwa òṣìṣẹ́ jogún pápá. Ṣùgbọ́n ìlú le. Ọ́ìlì dúdú wọ́n, nítorí ẹni tó ní mọ́tò kò pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́, àdúrà ló fi ń wà á. Ìyàwó mi ń ṣe àdín àgbọn tà, la bá ní kó máa fún wa ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò ká fi po iyanrìn. Iyanrìn náà dì dáadáa. Ohun tí a ò rò ni pé òórùn oúnjẹ ni yóò máa rùn. Adìẹ dé, ewúrẹ́ dé, èèrà ṣí ilé wá. Ọdún yẹn ni àwọn èèrà ti bọ́ọ̀lù mi wọ ihò kẹta láti ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ wa, ọkùnrin Èkìtì kan tó jẹ́ ọ̀gá eré wa, sọ pé kò kà. Mo ní níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé èèrà ò gbọdọ̀ bá èèyàn ṣeré. Títí dòní, kò tíì fi ìwé náà hàn mí.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iyanrìn ń jẹ irin. Ilà ojú àwọn wẹ́ẹ̀jì mi pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ojú wọn fi dán bí orí apárí. Bọ́ọ̀lù tí mo bá gbá á balẹ̀ sórí búráùn, á kí ihò, á kọjá, á sì máa bá tirẹ̀ lọ sínú ọ̀sà. Akọ̀wé àgbà fi ara dà á títí. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a óò bá àwọn ará Seme díje, ó pè mí sí abẹ́ igi.

"Sítókípà," ó ní, "ojú irin rẹ ti pá. Wá òmíràn, àbí kí o jókòó kí o máa wọ́ àpò fún àwa tó ń gbá a."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àwọn ará Seme. Ajẹ́ńtì ni wọ́n, àwọn tó ń báni gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìjọba ológun ti ti bọ́dà pa, kò sí ẹrù tó ń wọlé, kò sí èyí tó ń jáde. Kí ni kí wọ́n máa fi ọjọ́ ṣe? Gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń gbá láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n dé ibi tó ti ń di ẹ̀ṣẹ̀. Èèyàn mẹ́rin mẹ́rin la máa ń kó jáde. Ife ẹ̀yẹ wa jẹ́ agolo mílíìkì ńlá kan tí a fi ọ̀dà fàdákà kùn. Mílíìkì ti tán nínú rẹ̀ kí ìyà tó dé, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ tí wọ́n bá borí. Ọdún méje gbáko ni mo ti wà nínú èèyàn mẹ́rin yẹn. Lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti ń san ààbọ̀ owó oṣù fún wa. Nílé, ìyàwó mi ló ń bọ́ wa. Sátidé nìkan ni mo tún jẹ́ nǹkan kan. Kí n wá máa wọ́ àpò?

Ọ̀kan nínú àwọn ajẹ́ńtì yẹn gbọ́. Ọmọ Ẹ̀gùn ni, ó gbọ́ Faransé, ẹnu rẹ̀ dùn ju omi àgbọn lọ. Ó wá bá mi nílé ìkẹ́rù pẹ̀lú nǹkan kan tí ó fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun. Ó tú aṣọ. Wẹ́ẹ̀jì méjì ni, tuntun láti Kútọnu, kí bọ́dà tó tì ló ti rà wọ́n. Ilà ojú wọn mú débi pé mo fi àtàǹpàkò ra á, ó họ mí. Ojú mi rí ara rẹ̀ nínú irin náà, mo sì rí i pé mo rẹwà.

Kò béèrè owó. Kẹ̀kẹ́ mi ló béèrè. Ó ní mọ́tò ni wọ́n ti bọ́dà mọ́, wọn ò tíì ti ọ̀nà ẹsẹ̀. Mi ò bi í ní ohun tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gbé gba ọ̀nà ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú wọn lọ," ó ní. "Ẹ gbé wọn sùn. Lọ́jọ́ ìdíje, tí wọ́n bá wù yín, mo gun kẹ̀kẹ́ yín relé. Tí wọn ò bá wù yín, mo kó irin mi."

Ní ti kẹ̀kẹ́ yẹn, orúkọ mi ló wà lórí rìsíìtì rẹ̀, ìdí ìyàwó mi ló wà lórí ìjókòó rẹ̀. Epo mọ́tò ti wọ́n, bọ́ọ̀sì Ikoga ń wá nígbà tó bá rántí. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń gbé àdín lọ sọ́jà níbẹ̀. Mo ti rí ìyàwó mi lórí rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àdín méjì lẹ́yìn, agbọ̀n kan níwájú, agbada lórí, tí ó sì tún ń fi ọwọ́ kan kí àwọn èèyàn. Ọwọ́ kejì ni mi ò rí.

Ẹ̀gùn ni òun náà. Ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn obìnrin tí mo mọ̀: tí inú rẹ̀ bá dùn, ó máa ń bú mi, tí inú bá bí i, ọ̀wọ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọ̀rọ̀ wẹ́ẹ̀jì tuntun kalẹ̀, ó fi ìgbákọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú," ó ní, "irin tí ẹ fẹ́ gbà yìí, ṣé ó ń gbé àdín dé Ikoga?"

Mo ní kì í gbé àdín.

"Ṣé èèyàn lè jókòó lé e?"

Mo ní wọn kì í jókòó lé e.

"Ó dáa. Mo kàn ní kí n bèèrè ni, asu ṣié."

Asu ṣié ni "ọkọ mi" lédè Ẹ̀gùn. Tó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbé ìgbákọ rẹ̀ padà sídìí ìkòkò, ìyẹn gan-an ló sì burú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa láti lọ dán àwọn tuntun náà wò. Lórí ilẹ̀ líle, ẹ ò rí nǹkan bí irú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù á balẹ̀, á fò lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tí okùn rẹ̀ tán. Mi ò gbé wọn wọ iyanrìn ṣá o. Ohun olóhun ni, mi ò fẹ́ kí iyanrìn họ ọ́. Mo ń padà bọ̀ wálé, mo ń bá ìyàwó mi pàdé lẹ́nu ọ̀nà lórí kẹ̀kẹ́, a ń kí ara wa bí àlejò méjì.

Ìgbà náà ni ọgbọ́n kan ta sí mi lórí. Bí mo bá rí ẹni tó lè kọ ilà tuntun sójú àwọn ti àtijọ́, wẹ́ẹ̀jì dé, kẹ̀kẹ́ ò lọ. Alágbẹ̀dẹ kan wà ní Ajara, bàbá arúgbó tó ń rọ ọkọ́ àti àdá fún gbogbo agbègbè wa. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi Àgbà dán an wò. Mo ṣàlàyé fún bàbá náà dáadáa. Mo fi ìṣó ya ilà sílẹ̀ fún un: mẹ́wàá, tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó má jìn. Ó ń mi orí. Mo lọ, mo padà ní ọjọ́ kẹta.

Ó ti rọ ọ́. Irin tó tẹ̀ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ti wá kọjú síwájú, ó mú bérébéré létí, kò sí ilà kankan lójú rẹ̀.

"Mo wò ó," bàbá náà sọ fún mi, ẹ̀rín músẹ́ ló fi ń sọ ọ́. "Àwọn tó ṣe é fún ọ ò mọ iṣẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Báwo ni yóò ṣe wọlẹ̀? Mo ti bá ọ tún un ṣe. Wá fi roko lọ́la, kí o wá dúpẹ́."

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Àgbàlagbà ni, gbogbo ohun tó bá ń kan ilẹ̀ ló ti ń rọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sì tíì rí ọ̀kan tí wọ́n ṣe kó má wọlẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo gbé ọkọ́ mi dé ilé, ọkọ́ ọlọ́wọ́ gígùn tí awọ òyìnbó wà ní ìdìmú rẹ̀. Ìyàwó mi gbà á, ó fi ro ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé ní ọ̀sán kan ṣoṣo láìbẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ọdún tí mo ti ń ṣeré yìí, òní ni eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò. Ó bú mi dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ara mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje dé. Mo kó wẹ́ẹ̀jì tuntun méjèèjì sínú àpò, mo fi Àbúrò sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò wò ó lójú. Nínú ọkàn mi, mo ti gbé kẹ̀kẹ́ fún ajẹ́ńtì.

A gbá a títí a fi dé ihò kẹfà, tó wà létí òkun. Àwọn mẹ́ta mẹ́ta yòókù ti parí tiwọn, iye tí a gbá dọ́gba. Èmi àti ajẹ́ńtì yẹn gan-an ló kù. Ó ti gbé bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sórí búráùn, ìgbésẹ̀ méjì sí ihò. Tèmi wọ inú iyanrìn funfun lábẹ́ igi àgbọn kan. Gbogbo èèyàn yí wa ká. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàwó mi. Kò wá sí pápá yẹn rí. Ó ti fọ kẹ̀kẹ́, ó fi àdín pa á lára, ó ń dán bí ìyàwó tuntun. Ó fi í tì sára igi, ó sì dì í mú ní ọwọ́ méjèèjì. Ó wá fà á lé ajẹ́ńtì, ẹni tó ni ín báyìí, lọ́wọ́ ni.

Mo fa wẹ́ẹ̀jì tuntun yọ, mo gbá a. Ìdí irin yẹn tín-ín-rín, etí rẹ̀ mú. Ó wọ iyanrìn gìrìjì bí ọkọ́ alágbẹ̀dẹ Ajara, ó sì dúró síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ò mira. Akọ̀wé àgbà wo òkun. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń bèèrè bóyá mo fẹ́ gbin iṣu.

Ìyàwó mi gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, ó tú okùn kan lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò ló dì síbẹ̀. Ó gbé e wọ inú iyanrìn wá bá mi, láàrin gbogbo ọkùnrin yẹn.

"Mo dì í wá kí ọkùnrin yìí lè kó gbogbo ìdààmú mi lọ lẹ́ẹ̀kan náà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀. Ìgbákọ mi tí ìkòkò ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn, ṣé ẹ rántí pé mo ra tuntun rọ́pò rẹ̀?"

Mo ní mo rántí.

"Níbo ni tuntun náà wà?"

Mo ní ó fi kọ́ ògiri.

"Ó ń họ ìkòkò. Èyí tó ti jẹ ló mọ ìkòkò mi."

Mo yí Àbúrò dojú dé. Fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi àti akọ̀wé àgbà, ojú irin la ń wò. Kò sí ẹni tó wo ìdí. Iyanrìn ọdún méje ti lọ ìdí Àbúrò, ó fẹ̀, ó rí pẹrẹsẹ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, ó sì jẹ ju ibòmíràn lọ ní apá ibi tí ọwọ́ mi máa ń tẹ̀ sí. Irin tó bá fẹ́ yọ́ gba abẹ́ bọ́ọ̀lù kọjá nínú iyanrìn, báyìí ló yẹ kó rí. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Mo gbá a. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé bọ́ọ̀lù náà dìde pẹ̀lú iyanrìn díẹ̀, ó gbá igi àgbọn, àgbọn mẹ́ta já, ó balẹ̀ sáàrin adìẹ, adìẹ yàgò fún un, ó sì wọ ihò. Bí ìyàwó mi ṣe ń sọ ọ́ ni pé ó dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ihò, kò sí àgbọn tó já. Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ohun tí àwa méjèèjì jọ gbà ni ohun tí ajẹ́ńtì ṣe lẹ́yìn náà. Ìgbésẹ̀ méjì péré, ó tàsé rẹ̀, ó tún un ṣe, ó tún tàsé, ẹ̀kẹta ló wọlé. A parí ní ọgbọọgba, wọ́n pín agolo mílíìkì náà fún wa ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Akọ̀wé àgbà gbá mi léjìká. Ó ní kí n máa bá wọn gbá a lọ, ṣùgbọ́n kí n máa fi aṣọ bo ojú irin yẹn níwájú àlejò.

Mo kó wẹ́ẹ̀jì tuntun fún ajẹ́ńtì. Kò gbà wọ́n. Ó ní ká ṣe pàṣípààrọ̀ lásán, kí n gba méjèèjì, kí n fún òun ní Àbúrò nìkan, kí kẹ̀kẹ́ máa jókòó. Mo wo ìyàwó mi. Ojú rẹ̀ wà lára mi, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí agogo kẹ̀kẹ́. Mo ní rárá, mo da méjèèjì padà sí i lọ́wọ́.

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n," ajẹ́ńtì náà ní, ó sún mọ́ mi. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ta ló bá yín ṣe ìdí irin yìí?"

Mi ò purọ́ fún un. Mo kàn sọ pé alágbẹ̀dẹ kan wà ní Ajara tó ti fọwọ́ kan wẹ́ẹ̀jì mi rí, pé ó mọ iṣẹ́, àti pé èèyàn ò gbọdọ̀ kọ́ ọ bí yóò ti ṣe é. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà, ajẹ́ńtì dé ilé wa pẹ̀lú ọkọ́ méjì tó ń dán gbinrin. Ó dúró lójúde, ó wò mí, èmi náà wò ó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e ṣubú sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi Faransé bú mi, èyí tí inú mi dùn pé mi ò gbọ́. Ìyàwó mi bu àdín ìgò méjì, ó fi gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́nà Ikoga, ó ní irin Kútọnu le ju ti Àgbà lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ tí mo ń yangàn pé mo gba wẹ́ẹ̀jì tuntun nígbà tí bọ́dà wà ní títì, tí kẹ̀kẹ́ ò sì kúrò nílé, irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yẹn gan-an ni wẹ́ẹ̀jì náà máa ń wà láràárọ̀, láàrin kẹ́ẹ̀gì méjì, tó ń lọ sóko.